Ewé ilẹ̀ Ṣáínà lórí ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́: kí ló dé tí ó fi ń tanná kí ó tó dàgbà?

Olùkọ́ Ọdọ́ràgúnṣìn béèrè pé:

Ẹ̀yin àgbà agbẹ̀ àti ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ewé àti egbò, mo kí yín o. Olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Mo ní ilẹ̀ tí ó tó éékà méjì ní Ọdọ́ràgúnṣìn, ní ìhà Ẹ̀pẹ́ níbí, tí mo ń gbin ẹ̀gẹ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí láti ìgbà tí mo ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ọkọ ọmọ mi ń bá àwọn ará Ṣáínà ṣiṣẹ́ ní ìhà Lẹ́kìí, òun ni ó sì sọ fún mi pé ọ̀gá òun a máa san owó gọbọi lórí gbòǹgbò àti ewé gbígbẹ tí wọ́n ń dì wá fún un láti ìlú rẹ̀ nínú ọ̀rá kéékèèké. Mo rò ó títí, mo ní bí ẹ̀gẹ́ tí àwọn Potogí kó wá láti Amẹ́ríkà bá lè rọ́wọ́ mú lórí ilẹ̀ wa tó báyìí, kí ni kò ní jẹ́ kí ewé Ṣáínà náà rọ́wọ́ mú?

Irúgbìn mẹ́ta ni mo rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èkíní ni Artemisia annua, èyí tí àwọn ará Ṣáínà ń pè ní qinghao, tí wọ́n ti ń yọ oògùn ibà. Irúgbìn rẹ̀ kúnná bí áṣáà. Bí ènìyàn bá mí lé e lórí, ó ti fò lọ. Mo fún un sínú àpótí onílẹ̀, mo sì ṣí i gbìn sí orí ebè ní oṣù Kẹfà nígbà tí òjò ti fìdí múlẹ̀. Ó kọ́kọ́ dùn ún wò. Ṣùgbọ́n kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, nígbà tí kò tíì ga kọjá orúnkún mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tanná, àwọn ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ń gbẹ. Gbogbo àwòrán tí mo rí fi hàn pé ó yẹ kí ó ga ju ènìyàn lọ.

Èkejì ni ginseng, tí gbòǹgbò rẹ̀ jẹ́ oògùn. Ó ti lé ní oṣù mẹ́rìnlá tí mo ti gbìn ín, kò sì hù. Nígbà tí mo fi ọwọ́ tú ilẹ̀ wò, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ti rà. Ẹni tí ó tà á fún mi ní kí n ní sùúrù, lẹ́yìn náà kò dá mi lóhùn mọ́. Ẹ̀kẹta ni goji, elésò pupa wẹ́wẹ́. Ìyẹn hù, ó sì ga, ṣùgbọ́n lẹ́yìn òjò oṣù Keje ewé rẹ̀ funfun bí ẹni pé wọ́n da ìyẹ̀fun lé e lórí, títí di òní kò sì so ẹyọ èso kan.

Ìbéèrè mi nìyí. Ṣé ilẹ̀ ni kò dára tó? Ilẹ̀ ibí pupa, ó ní yanrìn lójú, ẹnì kan sì sọ fún mi pé ó ti kan, kí n da eérú sí i. Ṣé kí n ra ajílẹ̀ òyìnbó kún un? Ewé Ṣáínà wo ni ó lè ṣe dáadáa ní ìhà tiwa, ta sì ni yóò rà á lọ́wọ́ mi? Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹni tí yóò dáhùn má fi mí ṣe ẹlẹ́yà, nítorí owó ìfẹ̀yìntì ni mo fi ṣe é.

Agbẹ̀ Ìmọ́tà dáhùn pé:

Ẹ kú iṣẹ́ oko o, sà. Ẹ má ṣe dá ilẹ̀ yín lẹ́bi, ẹ má sì tíì ra ajílẹ̀ kankan. Ní ti Artemisia, oòrùn ni ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe bí oòrùn ṣe ń mú tó, bí kò ṣe iye wákàtí tí ojúmọ́ fi ń mọ́lẹ̀ kí òru tó dé.

Àwọn ewéko kan wà tí wọ́n máa ń ka òru. Bí òru bá ti gùn dé ìwọ̀n kan, wọn a gbà pé ọdún ti ń parí lọ, òtútù sì ti ń bọ̀, wọn a dáwọ́ dídàgbà dúró, wọn a sì sáré tanná kí wọ́n lè so irúgbìn sílẹ̀ kí yìnyín tó pa wọ́n. Irú wọn ni Artemisia. Ní Beijing, ojúmọ́ oṣù Kẹfà gùn tó wákàtí 15. Kí ó tó wá máa dínkù títí tí yóò fi lọ sílẹ̀ sí nǹkan bí wákàtí 13 àbọ̀, ewéko náà ti ga, ó ti kún fún ewé jìngbìnnì, ìgbà náà ni yóò sì tó tanná. Níhìn-ín ní Ìkòròdú àti lọ́dọ̀ yín ní Ẹ̀pẹ́, ojúmọ́ tí ó gùn jù lọ láàárín ọdún jẹ́ nǹkan bí wákàtí 12 àbọ̀, èyí tí ó kúrú jù lọ sì fi díẹ̀ dín ní wákàtí 12. Ìtumọ̀ èyí ni pé kò sí ọjọ́ kan ṣoṣo láàárín ọdún tí ojúmọ́ wa gùn tó ohun tí yóò mú kí ó gbàgbé òdòdó kí ó sì máa yọ ewé. Láti ọjọ́ tí ó ti hù lórí ebè yín ni ó ti rò pé ìparí ọdún ni.

Èmi náà ti jìyà ọ̀rọ̀ yìí rí, ni mo fi mọ̀ ọ́n. Zisu ni tèmi, ewé olóòórùn dídùn tí àwọn ará Ṣáínà máa ń fi se ẹja àti akàn, tí wọ́n sì tún ń lò fún ikọ́ àti òtútù. Ó tanná nígbà tí kò tíì ga ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, mo sì ti ń bú ìgbẹ́ adìyẹ tí mo dà sí i kí àbúrò mi kan tí ó ka ẹ̀kọ́ nípa ọ̀gbìn tó là mí lójú. Ọgbọ́n kan wà tí àwọn olóko òdòdó ní Kenya ń dá sí irú èyí: wọ́n máa ń tan iná lé chrysanthemum lórí lóru, kí ó lè rò pé ojúmọ́ ṣì gùn. Ṣùgbọ́n nínú ìlú tí a kì í ti í fi gbogbo ìgbà rí iná tàn sí yàrá tí a ń sùn, ta ni yóò máa tan iná fún ewé lóko?

Artemisia tí ènìyàn ti ṣà jọ fún ilẹ̀ olóoru wà, èyí tí kì í tètè tanná. Irú rẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ orí òkè ń lò ní Kenya, Tanzania àti Uganda, níbi tí ojúmọ́ kò gùn ju tiwa lọ, ṣùgbọ́n tí atẹ́gùn tutù ju tiwa lọ púpọ̀. Ẹ̀ka rẹ̀ ṣe é gé gbìn. Bí ẹ bá tún fẹ́ gbìyànjú, irú ìyẹn ni kí ẹ wá, kí ẹ sì gé e nígbà tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tanná, nítorí àkókò náà ni agbára inú ewé rẹ̀ máa ń pọ̀ jù.

Ginseng kò ní àtúnṣe rárá, ẹ gbàgbé rẹ̀. Nínú igbó orí òkè Changbai ní Jilin, irúgbìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ la ìgbà ooru kọjá, kí ó sì tún la òtútù gidi kọjá, kí ọlẹ̀ inú rẹ̀ tó gbó. Ó lè tó oṣù 18 kí ó tó yọjú. Bí ó bá sì hù tán, ewé rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa kú lọ́dọọdún nígbà òtútù kí gbòǹgbò rẹ̀ lè sùn, wọn kì í sì í sábà wà á kí ó tó di ọdún 4 sí 6. Ní Ẹ̀pẹ́, níbi tí òru ọyẹ́ pàápàá ti máa ń móoru, ta ni yóò fún un ní oorun? Ẹ óò gbọ́ pé wọ́n ń gbin ginseng ní Wisconsin ní Amẹ́ríkà. Òótọ́ ni, ẹ̀yà ti Amẹ́ríkà ni, láti ọ̀rúndún kejìdínlógún ni wọ́n sì ti ń kó o láti Àríwá Amẹ́ríkà lọ tà fún àwọn ará Ṣáínà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ òtútù ni Wisconsin náà. Goji tiyín kò yàtọ̀: ọmọ Ningxia ni, níbi tí afẹ́fẹ́ ti gbẹ tí òjò sì ṣọ̀wọ́n. Àrùn tí ọ̀rinrin máa ń bá dé ni nǹkan funfun ara ewé rẹ̀.

Àṣìṣe wa, èmi pẹ̀lú yín, ni pé a ń wo Ṣáínà bí ẹni pé oko ẹnì kan ni. Àríwá rẹ̀ ni a ń ra irúgbìn láti gbìn sí etí ọ̀sà. Ẹ jẹ́ kí a wo gúúsù: Guangdong, Guangxi, àti erékùṣù Hainan. Àwọn ará ibẹ̀ ní ohun tí wọ́n ń pè ní oògùn gúúsù, mẹ́rin sì ni ó gbajúmọ̀ jù nínú wọn: binlang, yizhi, sharen àti bajitian. Binlang ni èso ọ̀pẹ kan tí wọ́n máa ń jẹ lẹ́nu, ó sì ń fa jẹjẹrẹ ẹnu, nítorí náà ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Bajitian bá orúwo wa tan. Sharen ni ó wù mí jù, nítorí ìdílé kan náà ni òun àti ataare ti wá, abẹ́ ìbòòji igi ni òun náà sì máa ń gbé. Ẹni tí ó bá mọ bí a ti ń tọ́jú ataare lábẹ́ kòkó ti mọ ìdajì iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí kò jẹ́ kí n sọ pé kí ẹ fi owó sí i ni pé òdòdó rẹ̀ ṣòro fún kòkòrò láti gba inú rẹ̀ kọjá, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ ìlú rẹ̀ fi máa ń fi ọwọ́ gbé àtíkè òdòdó láti ibì kan dé ibì kejì kí ó tó so.

Èyí tí mo ti fi ojú mi rí tí ó ṣe dáadáa ní Ìmọ́tà ni chuanxinlian, tí orúkọ rẹ̀ nínú ìmọ̀ ewéko ń jẹ́ Andrographis paniculata. Ó korò ju ewúro lọ ní ìlọ́po, àwọn ewúrẹ́ àdúgbò kò sì fi ẹnu kàn án rí. Mo gbìn ín ní oṣù Kẹrin, mo sì gé e ní oṣù Kẹjọ nígbà tí òdòdó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Ẹ sì wò ó, òun fúnra rẹ̀ àlejò ni ní Ṣáínà, nítorí India àti Sri Lanka ni orírun rẹ̀. Èkejì rẹ̀ ni guanghuoxiang, èyí tí àwọn aṣelọ́fínńdà ń pè ní patchouli: ẹ̀ka rẹ̀ ni a ń gé gbìn, ó fẹ́ ooru, ó fẹ́ ọ̀rinrin, ó sì fẹ́ ìbòòji díẹ̀, bí irú èyí tí ó wà lábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ yín.

Ọmọ Ìgbógbó dáhùn pé:

Kí a má gbàgbé atalẹ̀ àti atalẹ̀ pupa. Àwọn ará Ṣáínà ka méjèèjì mọ́ oògùn, àwa náà sì mọ̀ wọ́n gbìn. Ẹ̀yin kàn ń wá ohun tí ó jìnnà.

Ẹlẹ́wé Ayétòrò dáhùn pé:

Mo kí gbogbo yín. Ìyá mi ta ewé ní ọjà Ayétòrò ní Ẹ̀pẹ́ níbí títí ó fi dàgbà, èmi náà sì jókòó sí ibùsọ̀ rẹ̀. Ohun tí ọmọ Ìgbógbó sọ dùn mọ́ mi, mo sì fẹ́ fi tèmi kún un.

Ní ọdún tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin Ṣáínà méjì wá sí ọjà. Wọ́n ń fi fóònù sọ̀rọ̀, fóònù náà ń túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ mi sì ń túmọ̀ ti Gẹ̀ẹ́sì fún mi. Wọ́n fi àwòrán gbòǹgbò funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan hàn mí, tí ó ní oríkèé bí ìrèké kékeré. Mo wò ó lọ, mo wò ó bọ̀, àṣé gbòǹgbò ẹ̀kan ni! Ẹ̀kan tí àwọn ọkùnrin ilé wa ń fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn bá jà lóko, tí ó ń gún ẹsẹ̀ ènìyàn bí abẹ́rẹ́, òun ni wọ́n ń pè ní baimaogen, tí wọ́n ń sè mu nígbà tí ooru inú ara bá pọ̀, tí ènìyàn bá ń ṣe ẹ̀jẹ̀ nímú tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ kò lọ dáadáa. Mo ní kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ kẹta, mo rán ọmọ lọ sí ẹ̀yìn Pọ́kà, ó sì wú ẹrù kan wá. Wọ́n rà á, ṣùgbọ́n wọn kò yọ̀ tó bí mo ti rò, nítorí a kò fọ̀ ọ́ mọ́, èèpo òde rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, ó sì ti ń bu láti inú. Wọ́n fi hàn mí nínú fóònù bí tiwọn ti rí: funfun, gígé kéékèèké ní ìwọ̀n kan náà, gbígbẹ fọ́fọ́.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń béèrè. Pápásan wa wà nínú oògùn wọn. Wọ́n ń jẹ ẹ́ bí ẹ̀fọ́, wọ́n sì ń lò ó fún ìgbẹ́ ọ̀rìn. Emí ilẹ̀ wà níbẹ̀. Abíkolo wà níbẹ̀, èyí tí omi rẹ̀ máa ń dúdú bí a bá fún un, wọ́n sì ń lò ó láti mú kí irun dúdú àti láti dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Làrà wà níbẹ̀. Èjìnrìn pàápàá, ewé tí ó bá ìlú Èjìnrìn létí omi níbí pín orúkọ, àwọn a máa fi èso rẹ̀ se ọbẹ̀. Kò sí ìkankan nínú ìwọ̀nyí tí ojúmọ́ wa kò gùn tó fún.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé nítorí pé ewé kan náà ni, ìlò kan náà ni. Bí a ṣe ń lo emí ilẹ̀ níbí kọ́ ni wọ́n ń lò ó níbẹ̀, èmi kò sì lè sọ fún ará Ṣáínà pé báyìí ni kí ó lò ó. Ewé ni mo ń tà.

Ohun kan tún wà tí ó ń dùn mí, tí mo rò pé ó yẹ kí Olùkọ́ gbọ́. Àwọn ewé tí ìyá mi máa ń rìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ já, ilẹ̀ tí wọ́n wà ti di ilé. Láti Ẹ̀pẹ́ títí dé Ìbẹ̀jú, wọ́n ti fi búlọ́ọ̀kù yí gbogbo rẹ̀ ká. Àwọn tí ń bá mi já ewé ń lọ sí ọ̀nà jíjìn báyìí, owó ọkọ̀ sì ń jẹ èrè. Ẹni tí ó ní éékà méjì tí ó bá lè gbin ewé ní ìlànà, tí kì í ṣe pé ó ń já a nínú igbó lásán, èmi nìkan yóò máa ra púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kí a tó dé orí ará Ṣáínà. Bí ẹ bá sì máa gbẹ ewé nígbà òjò, ẹ má tẹ́ ẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí tapólì. Ẹ ri igi mẹ́rin mọ́lẹ̀, ẹ na àwọ̀n sórí wọn ní ìwọ̀n gíga ìgbáròkó, ẹ sì fi páànù bò ó lókè tí afẹ́fẹ́ yóò fi máa gba abẹ́ kọjá. Ewé tí oòrùn bá pa ní tààràtà, àwọ̀ rẹ̀ a pọ́n, àwọn oníbàárà yóò sì sọ pé ó ti pẹ́.

Apoògùn Tọpọ, Àgbádárìgì, dáhùn pé:

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ, mo sì gbádùn rẹ̀, pàápàá ọ̀rọ̀ Ìyá Ẹlẹ́wé. Oògùn ni iṣẹ́ mi, nítorí náà ìbẹ̀rù ni ó pọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ.

Orúkọ ewé ní èdè Ṣáínà kì í ṣe orúkọ ewéko kan ṣoṣo ní gbogbo ìgbà. Ní Belgium, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, wọ́n fún àwọn obìnrin tí wọ́n fẹ́ fọn ní oògùn kan tí ó yẹ kí fangji wà nínú rẹ̀. Ewéko méjì ni ó ń jẹ́ orúkọ náà, bí a ti lè ní Táíwò méjì ládùúgbò kan. Stephania ni wọ́n fẹ́, Aristolochia ni wọ́n rí gbà, oró inú Aristolochia sì ba kíndìnrín ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn jẹ́, ó sì fa jẹjẹrẹ ní ọ̀nà ìtọ̀ fún àwọn kan. Àwọn oníṣègùn kọ ọ̀rọ̀ náà jáde ní 1993. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó ta ewé kan fún àlejò ní orúkọ Ṣáínà, kí ó mú ẹ̀ka kan pẹ̀lú òdòdó àti èso rẹ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ń tọ́jú àpẹẹrẹ ewéko sí ní Yunifásítì Èkó, tàbí ti àwọn olùwádìí igbó ní Ìbàdàn, kí wọ́n fún un ní orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Ohun kan náà ni mo rọ̀ Agbẹ̀ Ìmọ́tà kí ó ṣe sí chuanxinlian rẹ̀.

Ní ti Artemisia, inú mi dùn pé ó kùnà, kí Olùkọ́ má bínú sí mi. Ìwé Ge Hong, oníṣègùn Ṣáínà kan ti ọ̀rúndún kẹrin, sọ pé kí a rẹ ẹ̀kúnwọ́ qinghao kan sínú omi, kí a fún un, kí a sì mu omi rẹ̀. Kò sọ pé kí a sè é. Ọ̀rọ̀ yìí ni Tu Youyou, obìnrin olùwádìí oògùn ará Ṣáínà, kà, tí ó fi rò pé ó ṣeé ṣe kí iná máa ba oògùn inú rẹ̀ jẹ́, tí ó sì fi lo ether, nǹkan olómi kan tí kò nílò ooru púpọ̀, láti fà á jáde. Ní 1972 ni òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ rí ojúlówó rẹ̀, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 2015. Ẹ wá wo bí ọ̀nà ti jìn tó láti orí ewé dé orí ìṣẹ́gun ibà. Bí ènìyàn bá kàn ń sè é bíi tíì, ìwọ̀n oògùn inú ife kan kò ní dọ́gba pẹ̀lú ti ife kejì. Aláìsàn lè rí ara gbà díẹ̀ kí ibà náà tún padà, kòkòrò ibà sì lè kọ́ bí a ti ń fara da oògùn tí gbogbo wa gbójú lé. Àjọ Ìlera Àgbáyé kò fọwọ́ sí i pé kí a máa fi tíì Artemisia wo ibà. Bí ẹ bá rí irúgbìn tí ó bá ilẹ̀ olóoru mu lọ́jọ́ iwájú, ẹ má ṣe tà á fún ará àdúgbò fún ibà.

Irúgbìn tí a rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú: òfin ní kí ènìyàn kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ NAQS, àjọ ìjọba tí ń yẹ ohun ọ̀gbìn tí ń wọ ìlú wò, kí irúgbìn náà sì ní ìwé ẹ̀rí ìlera láti ìlú tí ó ti ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í ṣe é, a ó sì máa sọ pé irúgbìn wẹ́wẹ́ ni. Ẹ rántí ohun tí àrùn ṣe sí atalẹ̀ àwọn àgbẹ̀ gúúsù Kaduna ní 2023, kí ẹ mọ ohun tí àrùn kan ṣoṣo lè ṣe bí ó bá ti wọ ilẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò rà á, èyí tí kò sí ẹni tí ó tíì dáhùn. Àwọn oníṣègùn Ṣáínà ní ọ̀rọ̀ kan, daodi, tí ìtumọ̀ rẹ̀ súnmọ́ ojúlówó láti ilẹ̀ rẹ̀ gan-an. Danggui, gbòǹgbò oògùn wọn kan, ti agbègbè Min ní Gansu ni wọ́n fẹ́, níbi tí ilẹ̀ ti ga ju òkun lọ ní ohun tí ó lé ní 2,000 mítà. Goji, ti Zhongning ní Ningxia. Kò yàtọ̀ sí bí àwa náà ti ń béèrè gàrí Ìjẹ̀bú: bí ẹnì kan bá ṣe gàrí tí ó kan dáadáa ní ìlú mìíràn, ta ni yóò san owó ti Ìjẹ̀bú fún un? Nítorí náà, ọ̀gá ọkọ ọmọ yín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ènìyàn dáadáa, kò ní ra danggui Ọdọ́ràgúnṣìn láé, kódà bí ó bá dára. Ẹ gbin ohun tí orúkọ ilẹ̀ kò so mọ́. Guanghuoxiang tí Agbẹ̀ dárúkọ, epo rẹ̀ ni àwọn aṣeọṣẹ àti aṣelọ́fínńdà ń wá, wọn kì í sì í béèrè ìlú rẹ̀ bí òórùn rẹ̀ bá ti pé. Ilẹ̀ tiwa ní Àgbádárìgì yanrìn ju tiyín lọ, omi kì í dúró níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ni kò jẹ́ kí n gbìn ín.

Olùkọ́ Ọdọ́ràgúnṣìn dáhùn pé:

Ọ̀rọ̀ yín yé mi, mo sì dúpẹ́. N kò bínú sí Apoògùn. Ọ̀rọ̀ gàrí Ìjẹ̀bú ni ó ṣí mi létí jù lọ, nítorí gbogbo ìṣirò mi ni mo ti gbé lé orí ọ̀gá yẹn. Ohun tí mo fẹ́ ṣe nìyí: n ó fa goji tu, n ó gbin atalẹ̀ pupa sí abẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní ebè ogún, n ó sì fi ìyókù ibẹ̀ dán guanghuoxiang wò bí mo bá rí ẹ̀ka rẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́wé, ẹ jọ̀wọ́, èwo nínú àwọn ewé yẹn ni ó ń wọ́n yín jù láti rí? Ìbéèrè mi tó kù ni Artemisia tí ó ti tanná. Ṣé kí n tọ́jú irúgbìn rẹ̀, àbí kí n ro ó mọ́lẹ̀ kí ó di ajílẹ̀?

Ẹlẹ́wé Ayétòrò dáhùn pé:

Abíkolo ni o, sà. Ó fẹ́ ibi tí ó rin. Bí ẹ bá ní ibi tí omi máa ń sun díẹ̀ lẹ́bàá oko, ibẹ̀ ni kí ẹ fi fún un, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹni tí ń fín oògùn apakoríko dé ibẹ̀, nítorí èyí tí wọ́n ti fín oògùn sí, èmi kò ní gbà á.

Agbẹ̀ Ìmọ́tà dáhùn pé:

Ẹ má ṣe tọ́jú irúgbìn rẹ̀. Èyí tí ó bá tètè tanná, ọmọ rẹ̀ náà yóò tètè tanná, ẹ óò sì kàn máa sọ ìṣòro náà di púpọ̀ ni. Ẹ má sì ro ó mọ́lẹ̀ níbi tí ẹ fẹ́ fún irúgbìn wẹ́wẹ́ sí, nítorí ohun kíkorò inú ewé rẹ̀ kì í jẹ́ kí irúgbìn mìíràn hù dáadáa. Ẹ fà á tu, ẹ kó o jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan lọ́nà jíjìn sí ebè, kí ó jẹrà níbẹ̀ títí di ẹ̀ẹ̀rùn. Lẹ́yìn náà ẹ lè dà á sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ti dàgbà, ìyẹn kò ní mọ̀ ọ́n lára. Mo ní irúgbìn chuanxinlian lọ́wọ́, n ó fún yín bí mo bá ti mú ẹ̀ka rẹ̀ dé Yunifásítì Èkó gẹ́gẹ́ bí Apoògùn ti wí.

Olùkọ́ Ọdọ́ràgúnṣìn dáhùn pé:

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta ni n ó fà á tu. Ibi tí ó rin wà ní ìsàlẹ̀ oko náà, níbi tí ẹ̀gẹ́ kì í ti í ta dáadáa. Abíkolo ti ń hù níbẹ̀ fúnra rẹ̀, èmi ni mo máa ń ro ó dànù lọ́dọọdún.